Kọ̀ǹpútà Inú Ilé Náà Ń Fẹ́ Kọ́kọ́rọ́

Bí ènìyàn bá gba ojú títì tí ó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí ó kọjá Ikate títí dé Ajah, tí ó sì yà sí Badore tàbí Ṣàngótẹ̀dó, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni odi gíga. Géètì ń bẹ ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò, géètì mìíràn ń bẹ ní ojúde ilé, ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ọ, irin sì ń bẹ lójú fèrèsé. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, nítorí pé ẹni tí ó bá ní ohun ìní ni í ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a wọ inú ilé kan náà, kí a dé ìdí tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà. Níbẹ̀ ni a ó ti bá ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti ìwé awọnlẹ̀, ìwé báńkì, èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo ará ilé, tí wọ́n wà ní gbangba láìní kọ́kọ́rọ́. Àga àti tẹlifíṣọ̀n ni a fi odi yí ká. Orúkọ wa àti ẹ̀rí ohun ìní wa ni a fi sílẹ̀ láìtì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá tíì sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà di àrokò, páásíwọ́ọ̀dù yìí kò ju aṣọ tí a ta sí ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹni tí ó bá jí kọ̀ǹpútà náà lè tú u, kí ó yọ háàdì dísìkì rẹ̀, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì máa ka gbogbo ìwé inú rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí a gbé e fún láti tún un ṣe lè ṣe, àti ẹni tí a tà á fún nígbà tí ó bá gbó.

Àrokò kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìwé kò tíì wọ́pọ̀, owó ẹyọ ni àwọn baba wa a máa so pọ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ mẹ́fà, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ìránṣẹ́ lè gbé e rin ọ̀nà jíjìn láìmọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun. Sọ́fítíwíà tí a ń wí yìí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: ó ń sọ lẹ́tà àti àwòrán di ohun tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbilẹ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí lónìí ni AES, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, gbé kalẹ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní ọdún 2001. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó pamọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí a bá lọ dìbò, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó ni a ti ń tẹ̀ka; ta ni ó pe olùdìbò ní ọ̀daràn nítorí èyí? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí ẹnu ibodè Lekki, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ráhùn sí ni pé àwọn ọlọ́pàá SARS a máa dá ọ̀dọ́ dúró lójú pópó nítorí kọ̀ǹpútà tí ó gbé lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ wa lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2015, ti la ọ̀nà tí ó tọ́ sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ aláàbò lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ láti wá ẹ̀rí nínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tú àrokò tí ó bá bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sá fún òfin. Ohun tí ó ń wí ni pé kí òfin gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí ó má ṣe gba ojú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ọjà ti wà fún irú ohun tí a fi sílẹ̀ láìtì yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative ké gbàjarè pé a ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100 péré. Àjọ NIMC, tí ó ń ṣe àkóso nọ́ńbà náà, sọ pé kò sí ẹni tí ó fọ́ ibi ìpamọ́ àwọn. A kò dá sí àríyànjiyàn wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti lè ná ₦100 lé orúkọ ènìyàn, kí ni a ó ná lé kọ̀ǹpútà tí orúkọ, ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì odidi ìdílé kan wà nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ ní Ajah, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹlòmíràn lọ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọdún 2023, kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni láti ti ìwé tirẹ̀ tí ó ń lò fún ọ̀ràn ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó gbé máàkì, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù òbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, àti akọ̀wé wọ́ọ̀dù tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun ẹlòmíràn ni wọ́n ń tọ́jú. Òfin náà ka ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn ń ṣe, àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó wà, mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ó sì dárúkọ sísọ ìwé di àrokò gan-an pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tí a lè fi ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sọ orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ nù sọ́wọ́ ọ̀tá kò lè wí pé olè ni ó ṣẹ̀, kí òun sì bọ́.

Èwo wá ni kí a yàn? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́ ọgbọ́n lára ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè wa rí. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Switzerland tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Crypto AG, tí ó ń ta ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀-dàrokò fún ìjọba orílẹ̀-èdè tí ó ju 120 lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìwé ìròyìn Washington Post àti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Jámánì àti Switzerland tú àṣírí náà pé láti ọdún 1970 ni àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ti ra ilé-iṣẹ́ náà níkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ń mú kí a ṣe àwọn ẹ̀rọ náà lọ́nà tí àwọn fi lè ka ohun tí oníbàárà bá kọ. Àwọn ìjọba fi owó ara wọn ra àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe yan àgádágodo nítorí ìpolówó tàbí nítorí pé ó wọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi. Ǹjẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ti yẹ inú rẹ̀ wò? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ǹjẹ́ àwọn tí ó ṣe é ṣì ń tún un ṣe? Ìbéèrè kẹta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbogbo ayé ni ó gbẹ́kẹ̀ lé sọ́fítíwíà TrueCrypt, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2014 àwọn tí ó ṣe é fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójijì, wọ́n sì kìlọ̀ fún aráyé kí wọ́n má lò ó mọ́.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lo Windows, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀. BitLocker wà nínú Windows Pro. Nínú Windows Home, irú rẹ̀ tí ó rọrùn wà fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun, tí a ń pè ní Device Encryption. Ẹni tí ó ń lo Mac ní FileVault. Kò sí owó tí a óò san lé wọn, wọ́n sì ń ti gbogbo háàdì dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù wọn ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n nìkan ni ó mọ gbogbo inú wọn, àti pé Windows sábà máa ń fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ Microsoft. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní èyí, tàbí tí kò fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ òun dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kankan, kí ó lo VeraCrypt. Láti inú TrueCrypt ni a ti fà á yọ ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo bí a ti kọ ọ́ sì wà ní gbangba. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Quarkslab ní ilẹ̀ Faransé yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí àléébù nínú rẹ̀, a sì tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ṣe. Àwọn kan lè torí àléébù yìí sá fún un. Ní tiwa, ìdí tí a fi yàn án nìyẹn, nítorí pé àgádágodo tí a rí àbùkù rẹ̀ tí a sì tún un ṣe sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí a wò lọ. Ẹni tí ó ń fi ìwé pamọ́ sí Google Drive tàbí irú rẹ̀ lè lo Cryptomator, tí àwọn ará Jámánì ṣe, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá a tọ́jú ìwé náà lè dà bí ìránṣẹ́ àtijọ́ tí ó gbé àrokò láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ewu kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Àgádágodo tí ó bá dára kò mojú onílé. Ẹni tí ó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù VeraCrypt rẹ̀ ti sọ ìwé rẹ̀ nù, kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò bá a ṣí i. Bí baálé bá kú láìfi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, aya àti ọmọ yóò máa wo kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà ìwé ilé wọn wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ní lè ṣí i. Nítorí náà, kí a kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sórí ìwé, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker tí ó jẹ́ nọ́ńbà 48, kí a fi í sínú àpótí irin tàbí sọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kí ọkọ tàbí aya sì mọ ibi tí ó wà. Kí páásíwọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan, kí ó má ṣe jẹ́ òwe tí gbogbo ayé mọ̀ tàbí orúkọ ọmọ.

Kí a sì ní ẹ̀dà kejì. Ẹni tí ó ń gbé Lekki tàbí Ajah mọ ohun tí àgbàrá òjò lè ṣe sí ilé. Kí a da ìwé wa kọ sórí háàdì dísìkì mìíràn, kí a sọ òun náà di àrokò, kí a gbé e sí ilé ìbátan tí ó wà ní òkè. Ẹni tí ó gbé gbogbo rẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́wọ́, kí ó rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí MainOne tí ó gúnlẹ̀ sí Lekki wà lára wọn, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Àrokò kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní títàn tí a sì ti ṣí i, gbogbo ìwé inú rẹ̀ wà ní ṣíṣí fún ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Kí a máa pa á pátápátá bí a bá ń jáde lọ.

Nítorí náà, a ń ké sí ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT kí ó fi èyí kún ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A ń ké sí àwọn alága wọ́ọ̀dù, ti ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọn jẹ́, pé kí wọn má ṣe fi orúkọ àwọn ènìyàn wọn sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní àgádágodo. Ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ti rà tẹ́lẹ̀ ni a óò tàn, tàbí kí a gba VeraCrypt lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí olè bá sì wá gbé kọ̀ǹpútà wa lọ lẹ́yìn ìyẹn, irin lásán ni yóò gbé lọ, kò ní gbé orúkọ wa lọ pẹ̀lú rẹ̀.