Abẹ Tí Ó Kọ Wá Ní Ilà

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ ìfárí ni a mú wá ní oṣù yìí. Bí ó bá dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kéré láti gbé síwájú àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá wa lọ díẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ẹ̀bá ọjà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, a rí abẹ kan láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ àlòkù tí ọkùnrin kan tẹ́ sórí àpò. Irú èyí tí a ń ká wọ inú èkù rẹ̀ ni, tí àwọn akọ̀wé àti katikísì ayé àtijọ́ ń lò kí abẹ fẹ́lẹ́ tó gba ìgboro. Ìpẹtà ti bò ó. Nígbà tí a nù ún, a rí orúkọ ìlú kan ní ìdí rẹ̀: Eskilstuna. Owó tí a san kò tó owó iṣu kan.

Ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ni Eskilstuna jẹ́ ní ilẹ̀ Sweden. Ní nǹkan bí ọdún 1658 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Reinhold Rademacher bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé àgbẹ̀dẹ sí ibẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní ìdúró títí di òní, àwọn ará ìlú sì ń tọ́jú wọn fún àlejò láti wò. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Heljestrand ti rọ abẹ, àti ti E. A. Berg tí ó fi ẹja ṣe àmì. Irin tí wọ́n ń wà ní Dannemora mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Sheffield pàápàá fi ń rà á lọ sí Ìlú Ọba, láti ìgbà Benjamin Huntsman ní àwọn ọdún 1740 tí ó ń yọ́ irin nínú ìkòkò. Nítorí náà, púpọ̀ nínú abẹ Sheffield tí àwọn baba wa fi ń yangàn, irin Sweden ni ó wà nínú wọn. Lónìí, àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá abẹ Sweden àtijọ́ bí ẹni ń wá ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì ń sọ wọ́n di ọ̀tun. Àwa náà kó sínú ẹgbẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí a fi ránṣẹ́ ra èkejì láti Ìlú Ọba, iye tí a san fún un kò ṣeé sọ níwájú aya wa.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú abẹ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ìpẹtà tí ó wà ní ẹ̀yìn kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti jẹ ihò wọ ẹnu abẹ kò ní oògùn. Bí ó bá fi èékánná ta á tí kò dún gooro, ó ṣeé ṣe kí ó ti sán. Kí ó wo èkù pẹ̀lú: irú ike àtijọ́ kan wà tí ń jẹ́ celluloid, bí ó bá ti ń bàjẹ́ a máa tú afẹ́fẹ́ kíkan jáde, afẹ́fẹ́ náà a sì jẹ irin, èkù ìwo sàn jù ú lọ. Kí ó má ṣe gbé e tọ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ pọ́n àdá lọ, nítorí pé ooru ẹ̀rọ náà yóò sọ irin líle di rírọ̀. Sáńpépà kíkúnná àti òróró ni a fi ń bọ́ ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ́ abẹ sórí òkúta tútù pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn àti ẹnu rẹ̀ jọ fi ara kan òkúta, nítorí ẹ̀yìn ni ó ń mú ẹnu dúró bí ó ti yẹ. Láti orí òkúta tí ó le a ó bọ́ sí èyí tí ó kúnná, àti láti orí òkúta sí orí awọ, kí ẹ̀yìn abẹ máa ṣíwájú ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó gbà wá. A gé ara wa ní ìka lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún abẹ náà fá irùngbọ̀n wa láìdùn wá.

Ayọ̀ yìí ni ó gbé wa dé agbo ilé olóòlà kan ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ojú àwa tí ń kọ ìwé yìí ru ilà àbàjà. Baba àgbà ilé náà ni ó kọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà ní ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ó wà láyé, ó wí fún wa pé, “Àlùfáà, ọmọ mi, abẹ tí mo fi kọ ọ́ nílà ń bẹ nínú àpò mi. Wá wò ó lọ́jọ́ kan.” A dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, Bàbá, bí ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá parí, a ó wá.” Ìdánwò parí, òmíràn sì dé. Baba lọ sí ilé ikú. Ìgbà tí a dé ibẹ̀ nígbẹ̀yìn, tí abẹ Sweden wa wà nínú àpò ẹ̀wù wa láti fi han àwọn ará ilé, ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó sì wí pé, “Abẹ Bàbá kẹ̀? Háà, sà, a ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n jọ gbé sórí òṣùwọ̀n.” A kò lè bá a wí. Ta ni ó sọ pé òun yóò wá tí kò wá?

Ẹ má ṣe rò pé à ń sunkún ilà. Àwọn ọmọ wa kò kọ ọ́, a sì dúpẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi abẹ sàmì sí ara ọmọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ̀ nísinsìnyí pé abẹ tí ó bá kan ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì lè gbé àrùn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ abẹ bá parí, ìtàn rẹ̀ kò parí. Ní ààfin Ọ̀yọ́, abẹ ni ó sọ ìlàrí di ìlàrí: apá kan orí wọn ni a ń fá, wọ́n á sì fi gbẹ́rẹ́ sin òògùn sí i, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Aláàfin ni ó rán wọn. Abẹ wo ni a fi ṣe é? Kí ẹnìkan fi ọ̀kan hàn wá.

Àwọn kan yóò wí pé ohun Ògún ni, kò sì yẹ àlùfáà. Àwa dáhùn pé irin ni. Bí a bá fẹ́ mọ irin tí ó mú ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ti Sweden tí à ń yìn yìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n ń rọ ọ̀pá irin níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò ẹrú ń béèrè, àwọn ọkọ̀ Ìlú Ọba sì ń kó o wá sí etí òkun ilẹ̀ adúláwọ̀ láti fi ra ènìyàn. Síbẹ̀ a ra abẹ wọn, a sì tọ́jú rẹ̀. Èwo ni ti baba wa tí a ó fi jù nù?

A kò ṣàì mọ irin tẹ́lẹ̀ rí. Àwọn kan wí pé láti inú ìlọ̀ irin ni orúkọ Ìlọrin ti wá. Àwọn ará Ìlọrin ṣì ń fi òkúta ìlọ̀ irin náà han àlejò. Ní 1904, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde ní Ìlú Ọba nípa ilé tí a ti ń yọ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì dán irin náà wò níbẹ̀.

Nígbà tí a ti Ọ̀yọ́ padà, a lọ bá alágbẹ̀dẹ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ó wí pé baba òun rọ abẹ, ṣùgbọ́n òun kò rọ ọ̀kan rí, nítorí kò sí ẹni tí yóò rà á. A bẹ̀ ẹ́. Ó mú irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti gbó, ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹwìrì, ó sì rọ abẹ pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta kan bí ó ti rí i lọ́wọ́ baba rẹ̀. Àwa pọ́n ọn lórí òkúta kan náà tí a fi pọ́n ti Sweden. Ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ kú bí ti òyìnbó, a kò ní purọ́. Lẹ́yìn ìfárí méjì a ní láti tún un pọ́n. Ṣùgbọ́n ó fá orí, owó tí alágbẹ̀dẹ gbà kò sì tó owó tí a fi gbé ti òyìnbó wá láti Ìlú Ọba.

Ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, a ó gbé abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. A bẹ ẹ̀yin olóyè tí agbo ilé olóòlà tàbí ti onígbàjámọ̀ wà ní àdúgbò yín pé kí ẹ lọ bá wọn ṣáájú àwọn oníkẹ̀kẹ́ irin. Kí ẹ bá àwọn àgbà ilé fúnra wọn sọ̀rọ̀, nítorí a kì í fá orí lẹ́yìn olórí; bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú abẹ wọn sílé, kí a kọ orúkọ ilé àti ti ẹni tí ó lò ó sílẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ tà, kí Ẹgbẹ́ rà á ní iye tí ó ju ti òṣùwọ̀n lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ọ̀kan, kí ó fi òróró díẹ̀ pa á lára, kí ó fi aṣọ gbígbẹ wé e. Kí ó má ṣe tíì fi sáńpépà kàn án rárá títí a ó fi wò ó.