"Bẹ́ẹ̀ Ni" Wa Kì Í Ṣe "Yes" Wọn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òwe yìí ṣẹ mọ́ ọ̀kan nínú wa lára ní kíláàsì. Olùkọ́ bi í pé, "Didn't you do the assignment?" Kò ṣe é, kò sì fẹ́ purọ́, ló bá dáhùn pé, "Yes, sir." Olùkọ́ nawọ́ pé kó mú un wá. Kò rí nǹkan kan mú wá. Ni wọ́n bá pè é ní òpùrọ́, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Àwa kò gbà pé irọ́ ló pa. Bí a bá bi Yorùbá pé, "Ṣé o kò ṣe é ni?" ẹni tí kò ṣe é yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò ṣe é." Ẹni tó ṣe é ni yóò ní, "Rárá o, mo ṣe é." Ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè ni à ń gbè lẹ́yìn tàbí tí à ń takò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò ní tirẹ̀: "Yes, I did," tàbí "No, I didn't," bó ti wù kí wọ́n gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Ní Kàdúná níbí, Haúsá kò yàtọ̀ sí wa. "Ba ka yi ba?" "I, ban yi ba." Abájọ tí a fi ń gbọ́ ara wa yé ní ọjà Sheikh Gumi!

"Náà" tún ń kó bá wa. "Èmi náà lọ". "Èmi náà kò lọ": "náà" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bí "ma" ti ń ṣe é nínú Haúsá. Gẹ̀ẹ́sì pín in. Fún èyí tó ṣẹlẹ̀, "I went too" tàbí "So did I." Fún èyí tí kò ṣẹlẹ̀, "I didn't go either" tàbí "Neither did I." Ẹ má ṣe sọ pé "Neither didn't I" o, "neither" ti kọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti máàkì lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi aláìsàn pé, "Haven't you taken this medicine?" "Yes" rẹ̀ lè mú kí oògùn tí kò tíì lò fo òun dá.

Èrò wa ni pé kí olùkọ́ yé fi wá rẹ́rìn-ín, kí ó fi èdè ilé wa ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀yà pọ̀ jù ní Kàdúná, olùkọ́ kò lè gbọ́ gbogbo èdè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé yín?"

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má ṣe dá "Yes" nìkan sọ. Ẹ fi gbólóhùn tì í lẹ́yìn.