Ẹṣin Ọmọdé tí Ó Ti Sinmi Pẹ́



Ẹ̀gbọ́n wa kan ní G.R.A. ti padà dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti lo oṣù mẹ́rin lórí ìsìnkú bàbá wọn. Gbogbo ẹgbẹ́ tún ń kí wọn, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yìn bàbá yóò dára. Ẹṣin wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní gígùn ni kí wọ́n tó lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ tí ó ń sùn, ẹnikẹ́ni kò gbé gàárì lé e. Nísinsìnyí ọmọkùnrin wọn, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, ń wí pé òun yóò gùn ún lọ síbi hawan ọjọ́ Iléyá tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ̀gbọ́n wa má bínú sí àbúrò wọn: ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ náà má gùn ún.

Kì í ṣe pé ẹṣin jẹ́ àjèjì sí wa. Àwọn Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé fi ẹlẹ́ṣin jagun, apá Òkè Ọya níhìn-ín ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin, nítorí eṣinṣin tsetse ń pa á nínú igbó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. A kò ṣe é ní 2020 àti 2021 nítorí àrùn Kòrónà, ó di 2022 kí ó tó padà. Ṣùgbọ́n àgbà ẹṣin yàtọ̀ sí ọmọ ẹṣin.

Ẹ má jẹ́ kí sísanra tàn yín jẹ. Bí ẹṣin bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a tètè le láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ àti egungun ń fẹ́ oṣù púpọ̀. Níbẹ̀ ni ewu wà: yóò fẹ́ sáré nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì gbà á. Egungun ẹ̀yìn ẹṣin kì í gbó tán títí di ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́rin sì ṣì ń pàrọ̀ eyín. Bí ó bá ń mi orí sí ìjánu, ẹ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó nà án.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pe dókítà ẹran láti ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ahmadu Bello kí ó yẹ pátákò, ẹ̀yìn àti eyín wò. Ẹ tún gàárì wò, nítorí èyí tí ó bá a mu kí ó tó sanra lè máa bó o lẹ́yìn báyìí. Ẹ dín ọkà bàbà àti èérí ọkà kù, kí ẹ fi koríko àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ kún un. Ẹṣin tí ń jẹ ọkà lórí ìdúró, tí a wá mú lọ sẹ́nu iṣẹ́ lójijì, ẹran ìdí rẹ̀ lè gan, ìtọ̀ rẹ̀ a sì dúdú bíi kọfí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fi okùn fà á rìn ní ojú títì G.R.A. lábẹ́ igi, kí etí rẹ̀ tún mọ ariwo ọ̀kadà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gbé gàárì lé e láìsí ẹni lórí rẹ̀, kí ẹ máa fún ọ̀já abẹ́ ikùn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ẹni tí kò wúwo gùn ún rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹlòmíràn di okùn mú. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lè sáré pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Eré àsápajúdé di oṣù kẹta kí ó tó yá.

Láràárọ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbóná tàbí ó wú, ó di ìsinmi. Ẹ fi ìka kan iṣan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀: bí ó bá wà ní ìsinmi, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ju 60 lọ lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ náà pọ̀ jù. Kí ó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kòkòrò tí ó kéré sí ẹ̀fọn ní ń gbé African horse sickness kiri lóru, ó sì lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀gbọ́n wa yóò kàn mú wọn dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni. Ìlù, kàkàkí, ìbọn àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ ni yóò sì pàdé ẹṣin náà lọ́jọ́ Iléyá. Bí ó bá ta, ọmọ wọn lè ṣubú, ó sì lè tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Nígbà ọkọ̀ ojú irin eléèédú, wákàtí púpọ̀ ni wọ́n fi ń dáná sí ẹ̀rọ kí wọ́n tó so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Irin lásán sì nìyẹn.

Kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn lọ wòran lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá ṣe sùúrù, ẹṣin náà yóò tó gbé e ní Iléyá tí ń bọ̀, gbogbo wa yóò sì jáde lọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire o.

Èmi ni tiyín, Akọ̀wé Rélùwéè.