Òwìwí Kọ́ Ló Pa Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ará Òkè-Aro,

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Èmi ò mọ̀ o! Òwe yìí la fi ń dá òwìwí, tí a ń pè ní ẹyẹ àjẹ́, lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu ẹ̀. Òru mélòó ló ti ké tí gbogbo wa jí ní àlàáfíà? Ẹnikẹ́ni ò ka ìyẹn. Ẹyọ kan tó bá ṣe kòńgẹ́ òkú, òun la ó máa rò kiri àdúgbò.

Òwìwí kékeré kan wà nílẹ̀ ọ̀dàn, láti Senegal títí dé Gúúsù Áfíríkà. Kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹyin adìẹ méjì tẹ̀wọ̀n jù ú. Lọ́sàn-án, á lẹ̀ mọ́ ara igi, á dijú, àwọ̀ ẹ̀ á bá ti èèpo igi mu, ẹ ó kọjá lábẹ́ ẹ̀ láìfura. Tílẹ̀ bá ṣú, á ké “pírù,” á dákẹ́ díẹ̀, á tún ké. Ìyàwó ló ń pè, ó sì ń kìlọ̀ fún akọ mìíràn kó má wọ ààlà òun. Ìrẹ̀, tata, àfòpiná àti àkekèé ni oúnjẹ ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi ọmọ yín ṣe?

Ẹ ní kí ló dé tó jẹ́ ilé aláìsàn ló ń bà sí. Ilé wo ni iná ti ń tàn mọ́jú? Àfòpiná ń wá iná, òwìwí ń wá àfòpiná. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ olójú funfun tó ń gbé inú àjà ńkọ́? Èkúté tó ń jẹ gààrí yín ló ń dọdẹ. Ẹ sọ ọ́ lókò tán, ẹ wá lọ ń ra oògùn èkúté!

Owó sì wà nínú ìbẹ̀rù òwìwí yìí. Ẹ dé ìsọ̀ lékuléja, tàbí ọjà oògùn ìbílẹ̀ Akodessewa ní Lomé, ẹ ó rí orí òwìwí gbígbẹ tí wọ́n ń tà lórí àtẹ.

Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kílẹ̀ tó mọ́, ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀ lórí igi. Lọ́dún 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ oko ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Aro níbí, ẹran kú lọ súà. Ta ló kó òkò bá òwìwí nígbà náà? Fáírọ́ọ̀sì la ní ó pa wọ́n, òótọ́ sì ni. A wádìí ohun tó pa ẹlẹ́dẹ̀. Kí ló dé tí a kì í wádìí ohun tó pa ọmọ?