Ẹ Fún Abiyamọ Ní Wákàtí Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú máa gba ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́, láti fi fún ọmọ lọ́mú. Wákàtí kan péré ni àpapọ̀ rẹ̀. Èwo nínú yín ló ń fún wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ìkókó tó ń bá ọlọ́jà ta aṣọ ní ọjà Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀, olóṣù mẹ́ta, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Kó tó di aago mọ́kànlá, ọmú ti kún, ó ti le, ó ń ro ó, ó sì ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin. Ó fa ìborùn bo àyà níwájú oníbàárà. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fún ọmú dà sínú ihò, ó sáré padà kí ọ̀gá má baà pariwo. Oúnjẹ ọmọ ló dà nù yẹn o!

Bí wọ́n bá ṣe ń fa ọmú tó ni ara ṣe ń pèsè rẹ̀ tó. Bó bá ń dúró sínú àyà látàárọ̀ dalẹ́ lójoojúmọ́, ara á gbà pé ọmọ ò nílò rẹ̀ mọ́, á dín in kù. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi máa ké lóru, tí ẹnìkan á sọ pé, “Omi ọmú rẹ ò tó,” tí wọ́n á fi ra wàrà alágolo. Owó oṣù tó torí ẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, agolo á gbà á tán.

A máa ń dá àwọn ìyá lẹ́bi pé wọn ò gbọ́ràn. Wọ́n gbọ́ o. Ní ilé ìwòsàn aláboyún, orin ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 29 ló ń mu ọmú nìkan. Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà láti 2014, ó sì ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló kan olùtajà Dùgbẹ̀ níbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ fún un, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì lè ti lọ kó tó bí.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́lé. Igun kan tó ní ìlẹ̀kùn tàbí kọ́tìnì, àga kan, omi àti ọṣẹ. Bí ẹ bá ní fíríìjì tí iná ń bá ṣe, omi ọmú tí ìyá bá fún sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí á wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ilé bá súnmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ wá. Ìyálọ́jà, ìsọ̀ kan tó ṣófo nínú ọjà ti tó. Bàbá ọmọ, ìwọ ni kóo san owó ọ̀kadà tó máa gbé ọmọ wá. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin lẹ tọ́ wa, àmọ́ ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú fífún ọmọ lómi: omi ló pọ̀ jù nínú ọmú, òǹgbẹ ò gbẹ ọmọ yẹn.

Ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù Ọ̀gọ́sì ni Ọ̀sẹ̀ Ọmú Àgbáyé lọ́dọọdún. Kó tó dé, ẹ̀yin tí ẹ̀yin àti abiyamọ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí òun nìkan lọ bá ọ̀gá. Ẹ bá a lọ. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ máa dúró ti ọjà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 náà, bí ọ̀gá bá sì ní òun ò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ka abala 54 sí i létí.