Ẹ̀rọ Àtijọ́ Tí Ń Wọn Ìtànṣán: Èwo Ló Yẹ Kó Wọ Ilé Wa?



Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ. Ẹnìkan ń wá rédíò ayé àwọn bàbá wa, ẹlòmíràn ń wá kámẹ́rà tàbí maṣíìnì ìránṣọ. A kò rí aburú nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń tú ẹ̀rọ wò láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sàn lójú tiwa ju èyí tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n irú ẹrù kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìkòròdú àti ní àgbègbè wọn fara balẹ̀ yẹ̀ wò kí ó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹrù náà ni ẹ̀rọ àlòkù láti yàrá àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán olóró, àti àwọn nǹkan tó máa ń bá a rìn.

Irú ìtànṣán yìí ni ilé ìwòsàn fi ń ya X-ray, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Oore ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹja tó ti bàjẹ́ ní ọjà Olúwo, imú yóò sọ fún wa. Omi kànga tó dà rú, ojú yóò rí i. Ìtànṣán kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò ní adùn. Ẹ̀rọ nìkan ni ojú wa níbẹ̀.

Hans Geiger, ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1908, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Walther Müller, sì tún un ṣe dáadáa ní 1928. Ọ̀pá kékeré kan ni, gáàsì wà nínú rẹ̀, wáyà tó gbé iná sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ìtànṣán bá ti wọ inú gáàsì náà, iná á ta, ẹ̀rọ á dún ‘tá’, ẹni tó dì í mú á sì máa kà á.

Ilẹ̀ wa náà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 13 oṣù Kejì 1960, ìjọba Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà. Aṣálẹ̀ yẹn sì ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa lọ́dọọdún. Inú bí Nàìjíríà débi pé nígbà tí wọ́n dán ẹ̀kẹta wò, ìjọba Balewa já àjọṣe pẹ̀lú Faransé ní oṣù Kìíní 1961. Ní 1964, wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí yóò máa dáàbò bo ará ìlú lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán ni ọkọ́ àti àdá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ torí bàbà inú rẹ̀, ìtàn ló ń fọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó tọ́jú wọn sínú gíláàsì kí àwọn ọmọ máa wò wọ́n.

Kí wá ni à ń bẹ̀rù? Ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ibà kì í fa ibà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ń wọn ìtànṣán, òun fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ohun tó bá a wá la gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àwọn mìíràn máa ń ní ègé kékeré kan bíi kọ́bọ̀, tí ohun olóró díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn aago àti ojú ẹ̀rọ àtijọ́ kan sì wà tí wọ́n fi ọ̀dà rédíọ̀mù kùn kí wọ́n lè máa tàn lóru. Ọ̀dà náà lè ti ṣíwọ́ títàn, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára rédíọ̀mù tó dín sí ìdajì. Bí gíláàsì rẹ̀ bá fọ́, tí ọmọ sì fi ọwọ́ pa á kó tó jẹun, inú ara ló lọ yẹn. Omi àti ọṣẹ máa ń fọ eruku rẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àlùwàlá igba kò lè fọ èyí tí a ti gbé mì.

Èyí tó burú jù ni ohun olóró tí wọ́n yọ látinú ẹ̀rọ ńlá. Ní ìlú Goiânia, ní Bràsíl, ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan kó lọ, ó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ilé àlàpà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, ọkùnrin méjì tú u, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn búlúù lóru. Ó rẹwà lójú wọn. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn kan fi pa ara, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan sì fi ọwọ́ tí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀ jẹun. Ìyàwó ẹni tó ra irin náà ló kọ́kọ́ fura pé nǹkan yìí ló ń kó àìsàn bá ilé. Ó gbé ìyókù sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn elétò ìlera. Ní ọjọ́ kejì, onímọ̀ físíìsì kan gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ síbẹ̀. Kó tó débẹ̀ rárá ni ọwọ́ ẹ̀rọ náà ti fò dé òpin. Ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ó padà lọ mú òmíràn, ọ̀kan náà ni. Ẹni mẹ́rin kú, ọmọ náà àti obìnrin tó fura náà wà nínú wọn. Ó lé ní 112,000 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. A rí ìdọ̀tí olóró náà lára 249.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Bràsíl jìnnà. Ní oṣù Kejìlá 2002, wọ́n jí ohun olóró méjì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ epo gbé láàárín Warri àti Port Harcourt. Ní Jámánì ni a ti rí wọn ní 2003, láàárín irin àlòkù. Ní tòsí wa níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń pọ̀ sí i ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, irú ohun bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ páìpù sábà máa ń lò láti yẹ ojú ìsopọ̀ irin wò.

A kò di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke kiri. Wọn kò mọ̀. Ẹni tó pa ilé ìwòsàn tàbí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ tì, tó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, òun ló jẹ̀bi. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, NNRA, ti wà láti 2001. Àwọn ló yẹ kó gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹ̀rọ jọ, ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tajà gbọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò dún kì í ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀pá inú rẹ̀ lè ti kú. Bí ẹ bá rí àmì bí abẹ fáànù mẹ́ta lórí àwọ̀ yẹ́lò, tàbí irin kékeré tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má tú u, ẹ má fi sápò. Ẹ jìnnà sí i, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wo ohun tí ẹ tì mọ́bẹ̀.