Owó Kò Lè Rọ́pò Ọmọ: Ẹ̀kọ́ láti Erékùṣù Saint Helena

   Ní irú ọjọ́ báyìí, a máa ń fi ayọ̀ dárúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ń ṣe dáadáa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní Toronto, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ìlù àti ijó bò mọ́lẹ̀: kí ni í máa ń gbẹ̀yìn ibi tí ó ń tọ́ ọmọ dàgbà, tí àwọn ọmọ náà sì ń lọ láìpadà? Kí a lè rí ìdáhùn rẹ̀ kedere, ẹ jẹ́ kí a yẹ ibi kékeré kan wò, nítorí ohun tí ó farapamọ́ ní ìlú ńlá a máa hàn gbangba ní ìletò.

Saint Helena ni orúkọ ibẹ̀. Erékùṣù ni, láàárín Òkun Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà sí etíkun Áfíríkà tí ó súnmọ́ ọn jù. Òkè oníná ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun gbé e jáde. Nǹkan bíi kìlómítà 16 ni gígùn rẹ̀, nǹkan bíi 8 sì ni ìbú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Potogí kọ́kọ́ rí i ní 1502, kò sí ẹ̀dá ènìyàn kankan níbẹ̀. Láti 1659 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ̀ ẹ́ dó, abẹ́ wọn ni ó sì wà títí di òní. Àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹrú láti Madagascar àti Éṣíà, àwọn lébìrà láti Ṣáínà, àti àwọn ọmọ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2021, wọ́n lé díẹ̀ ní 4,400. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni Saint Helena ń gbà wọ ọjà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní àtètèkọ́ṣe, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń ti Ińdíà bọ̀ ni wọ́n ń yà síbẹ̀ láti bu omi àti láti ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Suez ní 1869, àwọn ọkọ̀ gba ibòmíràn, ọjà sì tú. Lẹ́yìn náà, láti 1907, wọ́n gbájú mọ́ ewéko ọ̀gbọ̀ tí a fi ń ṣe okùn, oníbàárà wọn pàtàkì sì ni Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń fi okùn náà di àpò lẹ́tà. Nígbà tí oníbàárà yìí yípadà sí okùn ọ̀rá ní nǹkan bíi 1966, iṣẹ́ náà kú. Láti ìgbà náà, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gbé apá tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó erékùṣù náà.

Nígbà tí kò sí iṣẹ́, àwọn ọmọ lọ. Wọ́n lọ sí erékùṣù Ascension, wọ́n lọ sí Falkland, wọ́n sì lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn 2002 nígbà tí òfin dá ẹ̀tọ́ ọmọ-ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà fún wọn. Ní 1998, àwọn ará ibẹ̀ lé ní 5,000. Nígbà tí yóò fi di 2008, wọ́n ti dínkù sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ìyá àgbà àti bàbá àgbà tọ́ dàgbà. Owó ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó lọ, òótọ́ ni. Síbẹ̀, títí di ìsinsìnyí, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń gba dókítà àti olùkọ́ kún àwọn tí ó wà nílẹ̀, àwọn tí wọn yóò ṣe ọdún díẹ̀, tí wọn yóò sì tún padà sí ìlú wọn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná nǹkan bíi 285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti kọ́ pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú akérò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an déédéé ní 2017. Ṣáájú èyí, ìrìn ọjọ́ márùn-ún lórí omi ni láti Cape Town. Ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí iṣẹ́ ìkọ́lé náà ń lọ lọ́wọ́, iye ènìyàn tún gòkè díẹ̀. Èyí fi hàn pé ọmọ kì í kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ tán pátápátá. Bí ó bá rí ohun tí yóò ṣe nílé, yóò wá.

Ìtàn mìíràn tún wà ní erékùṣù náà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1840, fún nǹkan bíi ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ọmọ Áfíríkà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí àfonífojì Rupert ní Saint Helena. Wọ́n tó 27,000. Ó lé ní 8,000 tí ó kú síbẹ̀. Wọ́n tún kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù lọ ṣiṣẹ́ ní Jamaica, Trinidad àti Guyana. Díẹ̀ ni ó kù sí erékùṣù náà, a kò sì gbọ́ pé ọ̀wọ́ kan nínú wọn padà wá tún ìlú tí a ti jí wọn gbé ṣe.

Ẹ wá fi èyí wé Freetown, níbi tí irú ọkọ̀ ogun kan náà gbé Samuel Àjàyí Crowther dé ní 1822. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, òun àti àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ní 1859, àna rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, tí wọ́n bí ní Sierra Leone, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Ara igi tí àwọn wọ̀nyí gbìn ni ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí ti yọ. Kì í ṣe owó ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ara wọn ni wọ́n gbé wá.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní nǹkan le nílé, àti pé owó tí àwọn tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ ni ó ń gbé ìdílé púpọ̀ ró. Òótọ́ ni, a kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó lọ. Owó ń kan òrùlé, ó ń ra àga àti tábìlì. Ṣùgbọ́n owó kì í dúró níwájú kíláàsì. Nehemáyà wà ní ààfin ọba Páṣíà nígbà tí ó gbọ́ pé odi ìlú rẹ̀ ti wó. Ó lè fi wúrà rán oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọba, ó lọ fúnra rẹ̀, odi sì dìde. Lẹ́yìn náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọba. Lílọ sílé rẹ̀ kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó tí ó ń dá, máa yan ènìyàn kan lọ́dọọdún tí yóò fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí ó mọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá kò ní àwáwí mọ́. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí Google sọ ní Equiano, orúkọ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú rí, gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ti gúnlẹ̀ ní 2021 sí etí àfonífojì Rupert yẹn gan-an. Bí ìmọ̀ bá lè gba abẹ́ òkun dé ibẹ̀, yóò dé Ilé-Ifẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ kọ ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá dé lè bá iṣẹ́ nílẹ̀. Kí ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń súre fún ọmọ tí ń lọ, ẹ súre àbọ̀ fún un pẹ̀lú. Àwa tí a ti ń darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa yóò kọ orúkọ tiwa ṣáájú.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí oko gbàgbé ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.